Aṣọ Ló Kọ́kọ́ Ń Wọ Ojú Ìjà

Ọ̀rọ̀ àsọyé níbi ìpàdé àwọn aránṣọ, àwọn oníṣẹ́ ọnà àti àwọn ọmọṣẹ́ wọn, ní Ẹ̀pẹ́, Ìpínlẹ̀ Èkó

Ẹ káàsán o, gbogbo ilé. Mo júbà àgbà, mo júbà ọmọdé. Ẹ̀yin bàbá wa tẹ́ ẹ jókòó níwájú, ẹ kú àgbà. Ẹ̀yin ìyá ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ọ̀nà. Ẹ̀yin ọmọṣẹ́ tẹ́ ẹ dúró lẹ́yìn nítorí pé àga ò kárí, Ọlọ́run á jẹ́ kí ẹ̀yin náà ní ṣọ́ọ̀bù tiyín. Ará Ìjẹ̀bú-Ẹ̀pẹ́, ẹ kú ìjókòó. Ará Èkó-Ẹ̀pẹ́, ẹ kú ìjókòó.

Nígbà tí àwọn olórí ẹgbẹ́ ránṣẹ́ pè mí, wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ tó kan iṣẹ́ aṣọ àti iṣẹ́ ọnà. Mo ní ọ̀rọ̀ ìjàkadì ni mo fẹ́ sọ. Bàbá alága ní, "Ìjàkadì wo? Èyí tí wọ́n ń ṣe lórí tẹlifíṣọ̀n?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni sà, òun gan-an. Ìjàkadì tí àwọn ọmọ wa ń wò tí wọ́n fi ń fò lé ara wọn lórí bẹ́ẹ̀dì, tí ìyá wọn ń pariwo láti ilé ìdáná.

Ẹ jẹ́ kí n bi yín léèrè. Nígbà tí oníjàkadì bá ń bọ̀, tí orin ti bẹ̀rẹ̀, tí iná ń ṣẹ́ wàì wàì, kí lẹ kọ́kọ́ ń rí? Ṣé ẹ ti rí agbára rẹ̀ nígbà yẹn? Ṣé ẹ ti rí bó ṣe ń gbé ènìyàn ṣánlẹ̀? Ẹ ò tíì rí i. Aṣọ lẹ rí. Aṣọ yẹn ló sọ fún yín bóyá ọba ló ń bọ̀ ni tàbí ọlọ́ṣà, bóyá ẹni tí ẹ máa fẹ́ràn ni tàbí ẹni tí ẹ máa ṣépè fún. Wọn ò tíì fọwọ́ kan ara wọn, ẹ̀yin ti yan ẹni tí ẹ wà lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn àgbà ní aṣọ là ń kí ká tó kí ènìyàn. Ta ló wá rán aṣọ náà? Ìbéèrè tó gbé mi wá síbí lónìí nìyẹn.

ỌKÙNRIN TÓ WỌ AGBÁDÁ WỌ OJÚ ÌJÀ

Ọkùnrin kan wà ní Amẹ́ríkà, George Wagner lorúkọ rẹ̀. Wọ́n bí i ní 1915. Kò ga púpọ̀, kò sanra púpọ̀. Ó mọ ìjà jà o, ṣùgbọ́n àwọn tó mọ̀ ọ́n jà bíi tiẹ̀ pọ̀ lọ bí ilẹ̀ bí ẹní, kò sì sẹ́ni tó ń sanwó torí tiẹ̀. Kí ló ṣe? Ó lọ sọ́dọ̀ onídìrí, wọ́n pa irun rẹ̀ láró di funfun bíi fàdákà, wọ́n ká a ní róbótóróbótó bíi tobìnrin. Ó wọ aṣọ ìlékè gígùn tó ń wọ́lẹ̀, àwọn kan sátíìnì, àwọn kan àrán, tí wọ́n fi ìyẹ́ àti ohun dídán ṣe lọ́ṣọ̀ọ́. Ó sọ ara rẹ̀ ní Gorgeous George.

Ẹ wo bó ṣe ń wọlé. Ìránṣẹ́ rẹ̀ á ṣíwájú, á gbé àwo dání, á máa fín lọ́fínńdà sí ojú ìjà kí ọ̀gá rẹ̀ má baà gbọ́ òórùn àwọn tálákà. Wọ́n á ti fi orin Edward Elgar sí i, èyí tí wọ́n fi ń ṣe ìkẹ́kọ̀ọ́jáde ní Amẹ́ríkà. George á wá rọra máa rìn, á máa yọ píìnì aláwọ̀ wúrà kúrò ní irun rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, á máa fún àwọn òǹwòran. Àwọn ènìyàn á máa hó lé e lórí. Inú á bí wọn. Wọ́n á sì tún padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, wọ́n á tún sanwó, torí pé wọ́n fẹ́ rí ẹni tó máa da irun yẹn rú.

Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, tẹlifíṣọ̀n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ ilé àwọn ará Amẹ́ríkà, ojú tẹlifíṣọ̀n ayé ìgbà yẹn ò sì ju pátákó kékeré lọ. Nǹkan tó bá máa hàn lórí ẹ̀ gbọ́dọ̀ dán, ó gbọ́dọ̀ tóbi. George ti mọ èyí ṣáájú ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe tẹlifíṣọ̀n fúnra wọn.

Ní 1961, ní Las Vegas, akànṣẹ́ ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún kan pàdé rẹ̀. Ẹ mọ akànṣẹ́ náà. Cassius Clay ni, ẹni tó padà di Muhammad Ali, ẹni tó wá sí Nàìjíríà wa níbí ní 1964. Ali fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ pé ọ̀dọ̀ Gorgeous George ni òun ti kọ́ pé kí òun máa fọ́nnu, kí òun máa pe ara òun lẹ́wà, pé ẹni tó fẹ́ràn òun á sanwó, ẹni tó kórìíra òun náà á sanwó. Nítorí náà, nígbà tí ẹ bá rí olórin tàbí eléré kan lónìí tó wọ aṣọ tó ń kọ mànà, tó ń rìn bíi pé òun ló ni ayé, ẹ jẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ pé ojú ìjà ni ìrìn yẹn ti là kọjá.

Àwọn mìíràn tẹ̀lé e. Randy Savage mú orin Elgar kan náà, ó fi fìlà àwọn darandaran Amẹ́ríkà àti gíláàsì ojú kún un. Ric Flair ní tiẹ̀, aṣọ ìlékè rẹ̀ kún fún ìyẹ́ àti òkúta dídán, ó wúwo, owó rẹ̀ sì ga. Ẹ̀yin aránṣọ, ẹ gbọ́ èyí dáadáa. Aṣọ tí wọ́n fi ọ̀sẹ̀ mélòó kan rán, ó máa wọ̀ ọ́ láti ẹnu ọ̀nà dé ojú ìjà, á yí po lẹ́ẹ̀kan, á bọ́ ọ fún ẹlòmíràn. Ó parí. Ìṣẹ́jú díẹ̀ péré. Obìnrin tó rán ọ̀pọ̀ nínú aṣọ yẹn, Olivia Walker lorúkọ rẹ̀. Oníjàkadì ni ọkọ òun náà. Mélòó nínú yín ló ti gbọ́ orúkọ Ric Flair? Ẹ nawọ́ sókè. Ó pọ̀. Mélòó ló ti gbọ́ orúkọ Olivia Walker kí n tó pè é? Kò sí. A máa padà síbẹ̀.

ÌBÒJÚ TÍ ONÍBÀTÀ RÁN

Ẹ jẹ́ ká kọjá sí Mẹ́síkò. Ní 1933, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Salvador Lutteroth dá ilé iṣẹ́ ìjàkadì sílẹ̀ níbẹ̀. Lọ́dún tó tẹ̀lé e, oníjàkadì kan fẹ́ máa bo ojú rẹ̀ jà. Ọ̀dọ̀ ta ló lọ? Kò lọ sọ́dọ̀ télọ̀, kò lọ sọ́dọ̀ agbẹ́gilére. Ọ̀dọ̀ oníbàtà ló lọ, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Antonio Martínez, tó máa ń rán bàtà àwọn oníjàkadì.

Ẹ fojú inú wò ó. Oníbàtà tó ti fi gbogbo ayé rẹ̀ wọn ẹsẹ̀, wọ́n ní kó wá wọn orí. Ó wọn ọ́n bó ṣe ń wọn ẹsẹ̀: láti iwájú orí dé ìpàkọ́, láti etí dé etí, láti imú dé àgbọ̀n. Awọ ló fi rán an, ó wá fi okùn dì í lẹ́yìn bí wọ́n ṣe ń di okùn bàtà. Títí di òní olónìí, tí ẹ bá rí ìbòjú oníjàkadì Mẹ́síkò, ẹ yí i padà, ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ máa rí ojú ihò méjì méjì tí okùn gba inú wọn kọjá lọ sókè. Wọ́n ti fi aṣọ tó ń fà rọ́pò awọ, wọ́n ti kun oríṣiríṣi àwọ̀ sí i, ṣùgbọ́n okùn bàtà ṣì wà níbẹ̀. Ọwọ́ oníbàtà yẹn ṣì wà lára iṣẹ́ náà. Ìdílé rẹ̀ ń bá iṣẹ́ náà lọ lẹ́yìn rẹ̀, orúkọ Martínez sì di orúkọ tí àwọn oníjàkadì ń wá kiri.

Ìbòjú náà wá di nǹkan ńlá. Oníjàkadì tó lókìkí jù ní ilẹ̀ náà ni El Santo, aláwọ̀ fàdákà. Láti 1942 ló ti ń jà lábẹ́ ìbòjú yẹn. Ó ṣe fíìmù tó lé ní àádọ́ta, kò sì ṣí ojú. Oníjàkadì tó bá fi ìbòjú rẹ̀ ta tẹ́tẹ́, tó bá ṣubú, wọ́n á ṣí ojú rẹ̀ ní gbangba, kò sì gbọ́dọ̀ dé ìbòjú yẹn mọ́. Santo ò pàdánù tiẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 1984, ó rọra gbé e sókè díẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n. Kò pẹ́ sí i, ní oṣù kejì ọdún yẹn, ó kú. Tìbòjú tìbòjú ni wọ́n sin ín.

Ẹ̀yin ará Ẹ̀pẹ́, ṣé ó yà yín lẹ́nu? Kò yẹ kó yà wá lẹ́nu rárá. Ta ni nínú wa tí kò mọ̀ pé ènìyàn wà nínú ẹ̀kú? Ta ló sì máa nawọ́ ṣí i? A mọ̀, a ò sọ. Ẹni tó rán ẹ̀kú mọ̀, atọ́kùn mọ̀, ẹni tó ń lu ìlù mọ̀, ọmọdé tó ń sá kiri náà fura. Síbẹ̀, bí eégún bá yọ, gbogbo wa la máa sá. Ọ̀mọ̀wé Faransé kan, Roland Barthes, kọ̀wé lórí ìjàkadì ní àwọn ọdún 1950. Ó ní òǹwòran ìjàkadì ò bìkítà bóyá òótọ́ ni ìjà náà tàbí wọ́n ti ṣètò rẹ̀ ṣáájú; nǹkan tó fẹ́ ni kí ìyà hàn kedere, kí ìwà burúkú hàn kedere, kí ẹ̀san hàn kedere. Nígbà tí mo kà á, mo ní bàbá yìí ì bá gbádùn ọdún eégún wa.

Àwọn oníṣẹ́ ọnà Mẹ́síkò tètè rí i. Ayàwòrán kan, Lourdes Grobet, tó di olóògbé ní 2022, gbé kámẹ́rà tẹ̀lé àwọn oníjàkadì fún ọ̀pọ̀ ọdún. Kò dúró sí ojú ìjà nìkan. Ó tẹ̀lé wọn délé, ó ya wọ́n láàárín ẹbí wọn, pẹ̀lú ìbòjú lójú wọn. Nínú àwọn fọ́tò yẹn, ẹ máa rí i pé aṣọ yìí kì í ṣe eré lásán. Iṣẹ́ òòjọ́ ni, owó iléèwé ọmọ ni.

ỌMỌ AWAKÙSÀ

Èyí tí mo fẹ́ràn jù nìyí, ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ sọ ọ́.

Ní ilẹ̀ Wales, ní ìlú Brynmawr, wọ́n bí ọmọkùnrin kan ní 1940, Adrian Street. Awakùsà ni bàbá rẹ̀, inú kòtò èédú ló ń bá wọn ṣiṣẹ́. Ọmọ náà wọ kòtò yẹn nígbà tó wà ní kékeré, ó sì kórìíra rẹ̀. Nígbà tó pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, ó sá lọ sí Lọ́ńdọ̀nù láti di oníjàkadì. Bàbá rẹ̀ àti àwọn awakùsà ẹgbẹ́ rẹ̀ ò gbà pé nǹkan kan máa tibẹ̀ jáde.

Ó bẹ̀rẹ̀ bíi gbogbo ènìyàn, pátá dúdú, bàtà dúdú. Kò sẹ́ni tó wò ó. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í rán aṣọ tara rẹ̀. Ó pa irun láró, ó kun ojú, ó kun ètè, ó wọ aṣọ tó ń dán yanranyanran. Ará ìta kígbe, wọ́n bú u, ó sì jẹ́ kí igbe wọn di owó fún òun. Ọ̀pọ̀ àwọn tó mọ̀ nípa orin àti aṣọ gbà pé, kí àwọn olórin Bìrìtìkó tó bẹ̀rẹ̀ sí í kun ojú, kí wọ́n wọ bàtà gíga dídán ní àwọn ọdún 1970, Adrian ti ń ṣe é nínú gbọ̀ngàn ìjàkadì.

Ní 1973, ìwé ìròyìn kan fẹ́ ya fọ́tò rẹ̀. Ó ní ibi kan ṣoṣo ni òun máa dúró sí: ẹnu kòtò èédú tí bàbá òun ti ń ṣiṣẹ́. Dennis Hutchinson ló ya á. Bàbá dúró lápá kan, akoto awakùsà lórí, èédú ti kun gbogbo ojú rẹ̀ dúdú. Ọmọ dúró lápá kejì, irun gígùn funfun, ojú kíkùn, bẹ́líìtì ìṣẹ́gun dídán ní ìbàdí. Àwọn awakùsà mìíràn dúró lẹ́yìn, wọ́n ń wò. Bàbá ti kun ojú, ọmọ náà ti kun ojú. Iṣẹ́ ló kun ti bàbá. Iṣẹ́ náà ló kun ti ọmọ.

Oníṣẹ́ ọnà kan tó ń jẹ́ Jeremy Deller, tó gba ẹ̀bùn Turner, ẹ̀bùn ńlá fún àwọn oníṣẹ́ ọnà ní Bìrìtìkó, ní 2004, rí fọ́tò yìí. Fún Deller, kò sí fọ́tò tó tún sọ ìtàn Bìrìtìkó lẹ́yìn ogun bíi tiẹ̀, bí ilẹ̀ tó ń wa èédú ṣe di ilẹ̀ tó ń ta eré àti aṣọ. Ní 2010, ó ṣe fíìmù nípa ayé Adrian Street, fíìmù náà sì wọ ilé iṣẹ́ ọnà, níbi tí àwọn ènìyàn ti ń dákẹ́ jẹ́ẹ́ wo nǹkan.

Ẹ mọ ibi tí Adrian parí iṣẹ́ sí? Ó kó lọ sí Florida pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀ Linda, òun náà oníjàkadì, wọ́n sì ń rán aṣọ fún àwọn oníjàkadì mìíràn. Aránṣọ ni! Ó kú ní 2023.

ÀWỌN OLÓWÓ DÉ

Lórí ibi tí àwọn olórúkọ ńlá wọ ọ̀rọ̀ yìí, mi ò ní pẹ́. Obìnrin kan wà ní New York, Rosalyn Drexler, tó jà ní nǹkan bí 1951 lábẹ́ orúkọ Rosa Carlo. Ó padà di ayàwòrán. Andy Warhol ọ̀rẹ́ rẹ̀, olórí àwọn oníṣẹ́ ọnà ìgbàlódé nígbà náà, tẹ àwòrán Drexler gẹ́gẹ́ bí oníjàkadì ní 1962. Ní oṣù kejì 1985, Warhol fúnra rẹ̀ yọ níbi ìjà Hulk Hogan àti Roddy Piper ní Madison Square Garden, wọ́n sì na ẹ̀rọ gbohùngbohùn sí i lẹ́nu. Láti ìgbà náà, ọ̀nà náà ti ṣí gbalasa. Ní 1996, fáníìlà dúdú tí wọ́n kọ Austin 3:16 sí, ti oníjàkadì Steve Austin, àti ti ẹgbẹ́ oníjàkadì tó ń jẹ́ nWo, kúrò lójú ìjà, wọ́n bọ́ sí ìgboro ayé. Ẹ wo inú òkìrìkà lọ́jọ́ ọjà, ẹ lè rí ọ̀kan.

Nígbà mìíràn, ọwọ́ ayàwòrán ló ti máa ń wá sójú ìjà. Ní Japan, àwòrán inú ìwé ìtàn ni Tiger Mask kọ́kọ́ jẹ́, ní 1968. Ní 1981, ènìyàn gidi, Satoru Sayama, dé ìbòjú ẹkùn náà, ó bọ́ sójú ìjà. Ẹni tó fi gègé yà á ló bí oníjàkadì yẹn.

TIWA Ń KỌ́?

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé nǹkan òyìnbó ni ìjàkadì. Ìjàkadì lorò Ọ̀fà; ọmọdé tó gbọ́ oríkì mọ̀ ọ́n. Àwọn bàbá wa tó wà níbí mọ Power Mike, wọ́n mọ Power Uti, wọ́n rántí bí gbogbo àdúgbò ṣe máa ń kún ojú fèrèsé ẹni tó ní tẹlifíṣọ̀n. Lónìí, ọmọ Èkó ni Omos. Tolulope Omogbehin lorúkọ rẹ̀ gangan, ó ga ju ẹsẹ̀ bàtà méje lọ. Ní oṣù kẹrin 2021, nínú WrestleMania, ìdíje ìjàkadì ńlá ilẹ̀ Amẹ́ríkà, kan náà tí Omos ti gba bẹ́líìtì pẹ̀lú ẹnìkejì rẹ̀, Apollo Crews, ẹni tí ẹbí rẹ̀ wá láti ilẹ̀ Tiv, gbé ọ̀kọ̀ dání, ó ní ọmọ ọba Nàìjíríà lòun, ó sì borí nínú ìjà tí wọ́n fi ìlù wa sọ lórúkọ.

Inú mi dùn, inú mi ò sì dùn tán. Tí wọ́n bá fẹ́ fi aṣọ sọ pé ọmọ Tiv ni ẹnì kan, aṣọ a'nger wà níbẹ̀, dúdú òun funfun, ọlọ́nà tààrà, ó dára gan-an. Ahunṣọ rẹ̀ wà láàyè. Ó yẹ kí wọ́n pè é. Tí wọ́n bá tún fẹ́ ọmọ Yorùbá lọ́la, ta ni wọ́n máa pè? Níbo ni wọ́n ti máa rí orúkọ rẹ̀?

Ibi tí mo ń bọ̀ nìyí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo dúró nínú ṣọ́ọ̀bù ọ̀kan nínú yín. Ọmọṣẹ́ kan ń ṣe jákàn sí ọrùn agbádá. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wà lórí ẹ̀rọ, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì di òrùka igi tó na aṣọ náà mú, ó ń yí i, ó ń tì í, ó ń fà á, abẹ́rẹ́ sì ń tẹ̀lé ojú tí wọ́n ti fi ṣọ́ọ̀kì fà. Kò wo ìwé kankan. Mo ní, "Ọmọ mi, ta ló ya ọnà yìí?" Ó ní, "Ọ̀gá mi ni, sà." Mo bi ọ̀gá. Ó ní ọwọ́ bàbá kan ní Òkè-Balógun ni òun ti kọ́ ọ, bàbá náà ti kú. Mo ní kí lorúkọ bàbá? Ó ronú títí. Ó ní, "Bàbá Jákàn ni gbogbo wa ń pè wọ́n."

Ẹ gbọ́, ó dùn mí wọnú eegun. Ọnà yẹn wà lọ́rùn ọ̀pọ̀ ènìyàn ńlá ní ìlú yìí. Nígbà ọdún Káyókáyó, nígbà tí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan bá ń kọjá nínú aṣọ ẹgbẹ́jọdá, tí a ń rántí bí Kòsọ́kọ́, ọba Èkó tí wọ́n lé kúrò lórí oyè, ṣe wá sí Ẹ̀pẹ́ ní 1851, ọnà ọwọ́ bàbá yẹn ló ń kọjá. Àwọn ayàwòrán á wá láti Èkó, wọ́n á ya á, wọ́n á gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Wọ́n á kọ orúkọ ẹni tó wọ̀ ọ́, wọ́n á kọ orúkọ ẹni tó ya fọ́tò. Ẹni tó rán an ńkọ́? Bí eégún ẹni bá jóo re, orí a máa yá atọ́kùn. Ṣùgbọ́n ẹni tó rán ẹ̀kú, ta ló ń kì í?

Oníbàtà Mẹ́síkò yẹn ní orúkọ. Ọlá ìran rẹ̀ wà nínú orúkọ yẹn. Iṣẹ́ tiyín ò kéré sí tiẹ̀ rárá.

Nítorí náà, mo ní nǹkan tí mo fẹ́ bẹ̀ yín. Ìkíní, gbogbo aṣọ tó bá jáde ní ṣọ́ọ̀bù yín, ẹ rán orúkọ yín sí inú ọrùn rẹ̀, kódà kó jẹ́ búbá ọmọdé. Ìkejì, ọnà tí ẹ bá yà, ẹ yà á sínú ìwé, ẹ kọ ọjọ́ sí i, ẹ kọ orúkọ ẹni tó kọ́ yín sí i. Àwọn ọmọṣẹ́ tó bá mọ̀wé kọ, ẹ bá àwọn ọ̀gá yín kọ ọ́. Tí ẹbí bàbá Òkè-Balógun yẹn bá wà níbí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má lọ láìrí mi. Mo fẹ́ gbọ́ orúkọ wọn, mo fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀ lónìí.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ kó àwọn ọmọṣẹ́ lọ sí mùsíọ́ọ̀mù Yemisi Shyllon ní Pan-Atlantic University, ní Ìbẹ̀jú-Lẹ́kkí. Ojú ọ̀nà wa níbí ló wà, láti 2019 ló ti ṣí. Ẹ jẹ́ kí wọ́n rí bí wọ́n ṣe ń kọ orúkọ oníṣẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ iṣẹ́ rẹ̀ lára ògiri. Mo ti bá alága sọ ọ́. Ẹgbẹ́ máa wá bọ́ọ̀sì, ẹ̀yin ọ̀gá ẹ jọ̀wọ́ ẹ yọ̀ǹda wọn lọ́jọ́ náà.

Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ gbọ́ mi. Mo rí ọwọ́ ìyá kan lókè lọ́hùn-ún. Ẹ sọ̀rọ̀, mà, a ń gbọ́ yín.